Òjò ń dúró lórí òrùlé tánkì epo: ṣé ká fi dóòmù alumíníọ̀mù bò ó ni?

Ọmọ_Ajílósùn (Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ni mí ní Pólì Adó, mo wà lẹ́nu IT ní ibùdó epo kan tí kò sí ní ìpínlẹ̀ wa, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Tánkì bẹntiróòlù kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 40 láti etí kan dé ìkejì. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Irin pẹlẹbẹ tó léfòó sórí epo ni òrùlé rẹ̀: tí epo bá wọlé, òrùlé á gòkè, tí wọ́n bá fa epo, á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àpótí irin tó ṣófo nínú, tí wọ́n ń pè ní páńtúùnù, ló yí etí rẹ̀ po, àwọn ló ń gbé e léfòó.

Lẹ́yìn òjò òpin ọ̀sẹ̀, mo gun àkàbà dé òkè tánkì, mo wo inú. Àárín òrùlé náà ti tẹ̀ wọlẹ̀, omi ti kún un, ewé àti ìyẹ́ ẹyẹ wà nínú omi náà, epo sì ń dán lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa ní àwọn máa ra dóòmù alumíníọ̀mù, ìyẹn ìdérí ńlá tó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn á fi bo tánkì náà látòkè, ẹjọ́ á sì parí. Igbákejì wọn ní owó dóòmù pọ̀ jù, ká tún òrùlé yẹn ṣe. Wọn ò tíì fẹnu kò. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (8:15 alẹ́)

Àbúrò, o káre. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tánkì ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà jẹ́ kí n bá ọ sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tó o kọ tó ká mi lára ju dóòmù lọ: epo tó ń dán lójú omi. Omi òjò kì í gbé epo bọ̀ láti ojú ọ̀run. Ibì kan wà tí epo yẹn gbà jáde.

Ibi mẹ́ta ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Irin pẹlẹbẹ àárín yẹn ni àkọ́kọ́. Tínrín ni. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ lórí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, á máa gbọ̀n, á máa gbé sókè gbé sílẹ̀, títí ojú ibi tí wọ́n jó o pọ̀ á fi sán. Ní Milford Haven, ní ilẹ̀ Wales, lọ́dún 1983, irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ ló gbé epo rọ̀bì wá sórí òrùlé tánkì kan tó fẹ̀ tó mítà 78. Ẹ̀ṣẹ́ná láti orí ọ̀pá gíga tí wọ́n fi ń jó gáàsì dànù ni wọ́n gbà pé ó tanná ràn án. Iná yẹn jó kọjá ọjọ́ kan.

Ìkejì ni páìpù tó ń fa omi òjò kúrò lórí òrùlé. Láti kòtò kékeré àárín òrùlé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú epo kọjá, ó sì jáde ní ẹsẹ̀ tánkì níbi tí fáàfù rẹ̀ wà. Bí páìpù yẹn bá lu nínú epo, tí fáàfù kékeré tó yẹ kó dá epo dúró ní ẹnu kòtò náà bá sì ti bàjẹ́, epo á gba ibẹ̀ gòkè wá sórí òrùlé. Ìkẹta ni síìlì, ìyẹn rọ́bà àti irin tó dí àlàfo láàárín etí òrùlé àti ara tánkì.

Dá mi lóhùn: fáàfù omi yẹn ní ẹsẹ̀ tánkì, ṣíṣí ló máa ń wà ni àbí títì?

Ọmọ_Ajílósùn (8:31 alẹ́)

Títì ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní nígbà kan rí, wọ́n ṣí i sílẹ̀, ọ́ọ̀sì tó jẹ́ páìpù omi yẹn nínú tánkì bẹ́, bẹntiróòlù sì ń dà sínú ọgbà títí ilẹ̀ fi mọ́. Látìgbà náà, lẹ́yìn òjò ni bàbá kan máa ń lọ ṣí i. Aago mẹ́fà ni bàbá náà ń lọ sílé.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (8:40 alẹ́)

Òjò tiwa sì fẹ́ràn òru.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ibùdó láàmú nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣí fáàfù, tí ọ́ọ̀sì bá bẹ́, epo á ṣòfò, ilẹ̀ á sì gba iná sára. Tí wọ́n bá tì í, omi á jókòó sórí òrùlé. Igbá tó ń léfòó lójú odò ni òrùlé yẹn: bí omi bá ti ń wọ inú igbá, bópẹ́ bóyá á rì. Mi ò dá ẹni tó tì í lẹ́bi, ẹ̀rù bà á ni. Ẹni tí mo dá lẹ́bi ni ẹni tó mọ̀ pé ọ́ọ̀sì ti gbó, tí kò pààrọ̀ rẹ̀, tó wá fi ọ̀rọ̀ náà lé bàbá kan lọ́wọ́.

Olùkọ́_Ìwòròkó (9:05 alẹ́)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwúwo omi yẹn, kí àbúrò lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Tánkì tó fẹ̀ ní mítà 40, ojú rẹ̀ jẹ́ 1,257 mítà onígun mẹ́rin. Òjò ńlá kan ní oṣù Kẹsàn-án lè rọ mílímítà 50 láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣe ìsọdipúpọ̀: kúbíìkì mítà 63 ni omi tó bọ́ sínú tánkì náà, ìyẹn 63,000 lítà, tọ́ọ̀nù 63. Ọkọ̀ ajàgbé oní-33,000 lítà tó ń gbé epo wá sí Adó, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún méjì nínú irú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló sì rọ́ jọ sí àárín, torí àárín ló tẹ̀.

Ìlànà API 650, tí ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà kọ, tí ọ̀pọ̀ ibi láyé fi ń kọ́ tánkì, sọ pé irú òrùlé tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo yìí gbọ́dọ̀ lè léfòó bí òjò mílímítà 250 bá rọ̀ láàárín wákàtí 24 tí páìpù omi ò sì ṣiṣẹ́ rárá. Lórí tánkì yín, tọ́ọ̀nù 314 nìyẹn. Ìlànà kan náà ní kó lè léfòó bí páńtúùnù méjì tó fara kanra bá lu pẹ̀lú àárín. Ṣùgbọ́n òrùlé tuntun ni wọ́n ń sọ, tí páńtúùnù rẹ̀ gbẹ nínú. Ti òrùlé tó ti lo ọdún gbọọrọ, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ló lè sọ.

Ìyá_Bẹntiró_Ìkẹ́rẹ́ (9:20 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ tánkì ńlá, iléepo ni mo ní. Ṣùgbọ́n mo mọ omi nínú bẹntiróòlù. Kí n tó jẹ́ kí dírẹ́bà tú epo, mo máa ń fi ìpara kan sí ẹnu ọ̀pá ìwọn, kí n tì í bọ inú ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí àwọ̀ ìpara náà bá yí padà, omi wà níbẹ̀, ọkọ̀ yẹn á padà síbi tó ti wá. Ṣé láti orí irú òrùlé yìí ni omi yẹn ti ń wá? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi wà lẹ́yìn ọ̀gá tó fẹ́ ra dóòmù.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (9:34 alẹ́)

Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Ó lè wá láti ibẹ̀. Òjò tó bá ń ṣàn lára irin tánkì máa ń gba etí síìlì wọlé, pàápàá tí síìlì bá ti jẹ. Omi wúwo ju bẹntiróòlù, ìsàlẹ̀ tánkì ló máa jókòó sí. Tí wọn ò bá ń fà á kúrò nísàlẹ̀ déédéé, ọjọ́ kan á bá epo wọ ọkọ̀. Omi tún máa ń bá epo wá láti ibòmíràn, inú páìpù ńlá, inú ọkọ̀ ojú omi, inú ọkọ̀ ajàgbé fúnra rẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ò bá dé dáadáa. Ẹ má jáwọ́ nínú ìpara yín.

Lórí èyí, dóòmù ṣe iṣẹ́ gidi. Òjò ò ní kan òrùlé tó ń léfòó mọ́, páìpù omi inú epo yẹn ò ní wúlò mọ́, wọ́n á yọ ọ́ dànù, ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀sì tó bẹ́ àti bàbá tó ń ṣí fáàfù á sì dópin. Atẹ́gùn ò tún ní máa fẹ́ lórí síìlì. Atẹ́gùn yẹn ló ń fa gáàsì jáde láti etí òrùlé, owó sì ni gáàsì tó ń fò lọ yẹn.

Olórùlé_Báṣírì (9:50 alẹ́)

Èmi ò lè dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ alumíníọ̀mù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí atẹ́gùn àkọ́rọ̀ òjò máa ń ṣe fún wa ní Èkìtì, ní oṣù Kẹta sí Kẹrin. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé olówó, ó máa ń ká páànù wọn kúrò tòun ti igi. Alumíníọ̀mù tínrín lórí ohun tó fẹ̀ tó mítà 40, tí kò ní òpó kankan láàárín? Ta ló fẹ́ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀?

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (10:12 alẹ́)

Ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ nìyí, ẹ ṣeun. Páànù ilé, ìṣó ló dì í mú mọ́ igi, etí rẹ̀ sì yọ síta. Tí atẹ́gùn bá ti rí etí kan gbá mú, ó parí. Ti dóòmù yàtọ̀. Ọ̀pá alumíníọ̀mù líle ni wọ́n máa fi bólùtì so pọ̀ ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta títí á fi dà bí apá òkè bọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọ́n gé. Agbára tó ń ti etí rẹ̀ síta, òrùka kan ní ìdí rẹ̀ ló gbà á mú, kó má baà ti ara tánkì. Abala páànù kọ̀ọ̀kan wọ abẹ́ ọ̀pá pẹlẹbẹ tó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè, rọ́bà wà láàárín. Kò sí etí kankan tó yọ síta. Wọ́n ṣírò atẹ́gùn ibi tí tánkì wà, àti bí ó ṣe máa fà á sókè, kí wọ́n tó gé ọ̀pá kan.

Ní ti tínrín: API 650 ní páànù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 1.2. Ìwúwo rẹ̀ lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ kílò 3.24. Irin òrùlé lásán, mílímítà 5, jẹ́ nǹkan bíi kílò 39. Lórí tánkì yìí, tí a bá fojú pẹlẹbẹ wò ó, alumíníọ̀mù á jẹ́ tọ́ọ̀nù 4, irin á jẹ́ tọ́ọ̀nù 49, láìtíì ka ọ̀pá tó gbé e ró. Ìdí nìyẹn tí ara tánkì àtijọ́ fi lè gbé dóòmù láìsí òpó nínú. Òpó ì bá tún gún òrùlé tó ń léfòó nísàlẹ̀ ní ihò, ihò kọ̀ọ̀kan á sì fẹ́ síìlì tirẹ̀.

Wẹ́dà_Ìjerò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé irin ò dára mọ́ ni? Iṣẹ́ wà nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ wa mọ irin jó. Kí ló dé tí a ò ní fi irin bò ó, kí owó dúró sílé?

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ yẹn tí ẹ bá dé ibẹ̀. Láti jó irin mọ́ orí tánkì bẹntiróòlù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u gbẹ, fọ̀ ọ́, lé gáàsì jáde, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tún máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo tí iná bá ń jó. Bólùtì ni dóòmù, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ iná. Wọ́n lè to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, kí kireeni gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lé e lórí. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọn òṣìṣẹ́ ò ní fi ọjọ́ púpọ̀ wà lórí epo.

Iṣẹ́ tiyín pọ̀ níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìdúró dóòmù tí wọ́n máa jó mọ́ ara tánkì, irin àárín tó ti sán, páńtúùnù tó ti lu, ọwọ́ wẹ́dà ni gbogbo ìyẹn wà, lẹ́yìn tí tánkì bá ti gbẹ.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Délítà (8:47 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé. Ibi tí wọ́n ń kó epo rọ̀bì jọ fún ọkọ̀ òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tánkì wa fẹ̀ ju mítà 70 lọ, òrùlé tó ń léfòó ló wà lórí wọn, kò sí dóòmù lórí ìkankan, òjò Délítà sì ju ti Èkìtì lọ. Òrùlé onípele méjì ni tiwa, ó le, àárín rẹ̀ kì í tẹ̀. Ènìyàn ń gbá kòtò omi ní ojoojúmọ́, ọ́ọ̀sì ń yí padà ní àsìkò rẹ̀. Owó dóòmù kan lè pààrọ̀ síìlì tánkì mélòó? Àwọn ènìyàn ń ra dóòmù láti fi bo àìtọ́jú mọ́lẹ̀ ni.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (9:30 àárọ̀)

Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí epo rọ̀bì àti òrùlé onípele méjì. Bí tánkì bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì jáfara, n kò ní ní kí ẹnikẹ́ni ra dóòmù. Bẹntiróòlù ni ti àbúrò. Ó ń fò lọ ju epo rọ̀bì lọ, omi díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ba ẹ́ńjìnnì àwọn ará Adó jẹ́. Òrùlé rẹ̀ tún jẹ́ onípele kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ tó kẹ́yìn yẹn, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Dóòmù kì í wo òrùlé tó ń ṣàìsàn sàn. Síìlì tó ti jẹ á ṣì jẹ lábẹ́ dóòmù. Páńtúùnù tó ní epo nínú á ṣì rì. Òrùlé tó ń há sára ọ̀pá tó ń tọ́ ọ sọ́nà, tó ń dagun, á ṣì dagun, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa rí i láti òkè mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo: ẹ wo òrùlé náà sàn kí ẹ tó bò ó.

Panápaná_Ìfàkì (11:15 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ò fẹ̀yìn tì lára mi. Ẹ ò tíì dárúkọ mànàmáná. Ní Norco, ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹfà ọdún 2001, òjò ìjì Allison dà sórí tánkì bẹntiróòlù kan tó fẹ̀ tó mítà 82. Apá kan òrùlé rẹ̀ rì, epo ṣí sílẹ̀, mànàmáná sán lù ú. Gbogbo ojú tánkì náà ló gbiná. Irú omi orí òrùlé tí àbúrò ń kọ nípa rẹ̀ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2017 tí ìjì Harvey rọ̀jò sí agbègbè Houston, irú òrùlé yìí tó rì tàbí tó dagun kò mọ sí ẹyọ kan.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà létí òrùlé tó ń léfòó, wọ́n ń fara kan ara tánkì kí iná mànàmáná lè gbabẹ̀ lọ sílẹ̀. Níbi tí ara tánkì bá ti dípẹtà tàbí tó ní ọ̀dà, iná á ta pàrà níbẹ̀, lókè síìlì gan-an, níbi tí gáàsì wà. Dóòmù dára lórí èyí: òun ni mànàmáná máa kàn, á sì gba ara tánkì wọlẹ̀ láìdé etí síìlì.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì. Nígbà tí òkè bá ṣí sílẹ̀, tí iná bá mú síìlì, panápaná lè dúró lórí àkàbà kí ó rí i, kí ó tú fóòmù, ìyẹn ìfófòó tó ń paná, sí i. Tí dóòmù bá ti wà lórí rẹ̀, kò sí fóòmù tí a lè jù láti ilẹ̀ tó máa débẹ̀. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 660 sẹ́ńtígíréédì, á já bọ́ sínú iná. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi dóòmù bo tánkì gbọ́dọ̀ ti fi páìpù fóòmù yí etí inú rẹ̀ po, tó máa tú fóòmù sórí síìlì láti ibi tí ẹnìkan dúró sí lókèèrè. Kí wọ́n sì tú u wò lójú mi kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀mí àwọn ọmọ wa ni.

Ọmọ_Ajílósùn (Ọjọ́rú, 5:58 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọ̀gá. Wọ́n ní kí àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ ṣí ìdérí àwọn páńtúùnù lónìí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àti ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì. Èmi wà lókè àkàbà, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti okùn ìwọn bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa á jáde, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń pariwo nọ́ńbà sókè sí wa. Ọ̀pọ̀ ló gbẹ. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní epo nínú, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Nígbà tí mo wò ó láti òkè, apá ibẹ̀ ti sọ̀ sínú díẹ̀ ju apá kejì lọ.

Olùkọ́_Ìwòròkó (6:10 ìrọ̀lẹ́)

Méjì tó fara kanra. Ohun tí ìlànà ní kó lè fara dà ló ti ṣẹlẹ̀ báyìí, omi òjò sì tún wà lórí rẹ̀.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (6:22 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò, sọ fún wọn lálẹ́ yìí, má dúró di ọ̀la.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ sórí òrùlé yẹn mọ́. Gáàsì bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́, inú kòtò tánkì ló ń jókòó sí. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò. Tí wọ́n bá máa ṣí fáàfù, kí ẹnìkan dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí omi náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya epo kúrò lára omi, kó má ṣe lọ sí gọ́tà. Bí fáàfù bá ń tú epo jáde dípò omi, ọ́ọ̀sì ti lu nìyẹn, kí wọ́n tì í padà, kí wọ́n fi pọ́ǹpù tó ń lo afẹ́fẹ́ fa omi láti òkè. Pọ́ǹpù iná mànàmáná ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Kí wọ́n má ṣe yára sọ òrùlé náà kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn òpó kúkúrú tó máa ń dúró lé nísàlẹ̀ tánkì, nígbà tí omi ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ yẹn kò ní agbára láti gbé òrùlé pẹ̀lú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á gún irin àárín. Lẹ́yìn tí omi bá ti lọ ni kí wọ́n fa epo lọ sí tánkì mìíràn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnìkan máa wo bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ déédéé. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, àlàfo gáàsì máa ṣí sábẹ́ òrùlé. Ìgbà yẹn léwu jù, kí wọ́n má jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Délítà (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Lórí tánkì yìí, èmi náà yí ohùn padà: tún un ṣe, kó o sì fi dóòmù bò ó.

Ìyá_Bẹntiró_Ìkẹ́rẹ́ (7:15 alẹ́)

Olúwa á ṣọ́ yín, ọmọ mi. Má sún mọ́ tánkì yẹn títí wọ́n á fi fa omi náà tán, jọ̀ọ́. Ìyá rẹ ń retí rẹ nílé.

Ọmọ_Ajílósùn (Ọjọ́ Ẹtì, 8:05 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Wọ́n ti fa omi náà tán láti òkè, torí epo ló kọ́kọ́ jáde níbi fáàfù, bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Wọ́n ń kó epo lọ sí tánkì kejì. Ọ̀gá àti igbákejì wọn ti fẹnu kò: wọ́n á fọ tánkì, wọ́n á tún páńtúùnù àti irin àárín ṣe, wọ́n á pààrọ̀ síìlì, lẹ́yìn náà wọ́n á fi dóòmù bò ó. Ọ̀gá ní kí n béèrè ohun tí àwọn máa bi àwọn tó ń ta dóòmù kí àwọn tó sanwó.

Ẹnjiníà_Ìkọ̀lé (9:10 alẹ́)

A dúpẹ́. Kí wọ́n bi wọ́n báyìí.

Ta ló máa wọn orí tánkì? Tánkì àtijọ́ kì í rí róbótó dọ́gba mọ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ti rì níhìn-ín lọ́hùn-ún. Kí wọ́n wọn ibi tí ẹsẹ̀ dóòmù kọ̀ọ̀kan máa dúró kí wọ́n tó gé ọ̀pá. Kí ẹnjiníà kan tí kò sí lára àwọn tó ń tà á sì ṣírò bóyá ara tánkì lè gbé e.

Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ̀? Alumíníọ̀mù ń fẹ̀ nínú oòrùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Lórí mítà 40, bí ooru bá fi ìwọ̀n 30 lọ sókè, dóòmù á fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 28, irin tánkì á fẹ̀ ní bíi 14. Tí wọ́n bá dì í pa síbẹ̀ láìṣírò ìyàtọ̀ yẹn, bólùtì á já tàbí ara tánkì á fà.

Kí ló wà láàárín alumíníọ̀mù àti irin? Tí méjèèjì bá fara kanra níbi tó tutù, alumíníọ̀mù ló máa jẹ. Rọ́bà tàbí irin tí kì í dípẹtà gbọ́dọ̀ là wọ́n. Tí rọ́bà bá wá là wọ́n, kí wáyà so dóòmù mọ́ tánkì, kí ohun tí bàbá Ìfàkì sọ nípa mànàmáná lè jẹ́ òótọ́.

Fèrèsé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìlànà ní kí wọ́n má jìnnà síra ju mítà 10 lọ yípo etí, kí àpapọ̀ ẹnu wọn tó 0.06 mítà onígun mẹ́rin fún mítà kọ̀ọ̀kan tí tánkì fẹ̀. Tiyín yípo ní nǹkan bíi mítà 126, nítorí náà ó kéré tán fèrèsé 13, àpapọ̀ ẹnu wọn 2.4 mítà onígun mẹ́rin. Kí òmíràn wà ní góńgó orí. Kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí wọn kí ẹyẹ má wọlé, kí ẹnìkan sì máa wẹ nẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́yìn ọyẹ́, eruku ń dí i.

Níbo ni a ti máa rí òrùlé inú? Kí ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn wà tí ènìyàn lè dúró sí kí ó wo inú lóṣooṣù láìwọlé. Ẹni tó bá máa wọlé, ìwé àṣẹ, ìwọn gáàsì, ẹni tó dúró síta fún un, ìkankan ò gbọdọ̀ yẹ̀.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé: àkàbà tó ń yí lórí òrùlé àti irin etí síìlì lè kan ọ̀pá dóòmù nígbà tí tánkì bá kún. Kí wọ́n tún ibi tí epo ò gbọdọ̀ kọjá wọ̀n, kí wọ́n yí àmì ìkìlọ̀ àti aago rẹ̀ sí ibi tuntun náà kí lítà epo kan tó padà wọlé.

Panápaná_Ìfàkì (9:26 alẹ́)

Kí wọ́n fi fóòmù kún un. Bí àwọn tó ń tà á bá ní kò sí nínú iye tí wọ́n dá, kí ọ̀gá má ṣe fọwọ́ sí ìwé wọn.